Ta Nìyí? Bí A Ṣe Ń Wá Fọ́tò Àtijọ́ Ẹbí Ẹni Rí ní Abẹ́òkúta

Orúkọ bàbá tó bí bàbá bàbá mi ni mò ń wá kiri tí mo fi ṣe kòńgẹ́ agolo bísíkíìtì kan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì Màmá Àgbà wa ní Kémta. Ọ̀rọ̀ oríkì ló gbé mi dé yàrá wọn lọ́jọ́ náà, mi ò ro ti fọ́tò rárá. Fọ́tò mẹ́tàlélógójì ló wà nínú agolo ọ̀hún. Mo yẹ ẹ̀yìn gbogbo wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan: mẹ́sàn-án péré ni wọ́n kọ nǹkan sí lẹ́yìn, ohun tí wọ́n sì kọ sẹ́yìn ọ̀kan nínú mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ni "Èmi àti ọ̀rẹ́ mi". Ta wá ni "èmi"?

Láti ìgbà náà ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí. Mo ṣe é fún ẹbí tiwa, mo sì ti bá ọ̀rẹ́ mélòó kan ṣe é ní agboolé tiwọn, ní Ìkìjà, ní Àgó-Òbà àti ní Òkè-Ìjẹun. Bí mo ṣe ń ṣe é ni mo fẹ́ sọ, títí kan ibi tí mo ti ba nǹkan jẹ́.

Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní: ẹ wá àgbà kí ẹ tó wá àpótí

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń ṣe ni pé wọ́n á kọ́kọ́ tú yàrá, wọ́n á kó fọ́tò jọ, wọ́n á ní tí ààyè bá yọ àwọn á lọ bi àwọn àgbà. Ẹ yí i padà. Fọ́tò tó ti wà nínú àpótí láti ọgọ́ta ọdún lè dúró di ọdún tó ń bọ̀. Ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún tó mọ orúkọ àwọn tó wà nínú rẹ̀ kò ṣèlérí fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ mú ìwé, kí ẹ kọ orúkọ gbogbo àgbà tó kù nínú ẹbí, ti bàbá àti ti ìyá, kí ẹ tò wọ́n bí ọjọ́ orí wọn ṣe jura lọ. Ẹ fi àmì sí ẹni tí ara rẹ̀ ò dá, ẹni tí ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, àti ẹni tó ti ń gbàgbé nǹkan. Ọ̀dọ̀ àwọn yẹn lẹ máa kọ́kọ́ dé. Ẹ má sì fo àwọn ìyàwó ilé. Lójú tèmi, ìyàwó tí wọ́n gbé wọlé ní 1955 mọ ẹbí ju ọmọ tí wọ́n bí sínú ilé lọ. Ọmọ ilé kò ní ìdí tó fi máa há ẹnikẹ́ni sórí. Ìyàwó ló ní láti mọ ẹni tí òun máa kúnlẹ̀ kí, ẹni tí òun máa pè ní ọkọ, àti ọmọ kékeré inú yàrá kejì tó jẹ́ pé ọkọ òun náà ni, nítorí pé wọ́n ti bí i kí òun tó wọlé.

Ibẹ̀ náà ni wàhálà orúkọ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ìyàwó kì í pe ọmọ ọkọ lórúkọ, orúkọ mìíràn ló máa ń fún un. Nítorí náà, ọkùnrin kan ṣoṣo lè jẹ́ Ṣóyọmbọ̀ ní orúkọ àbísọ, kó jẹ́ James nínú ìwé ìsàmì, Àkànní lẹ́nu ìyá rẹ̀, Bọ̀dá Akọ̀wé lẹ́nu àwọn ìyàwó ilé, Bàbá Ìbejì lẹ́nu àwọn ará àdúgbò. Bí ẹ bá gbọ́ orúkọ márààrún lẹ́nu èèyàn márùn-ún, èèyàn márùn-ún lẹ máa rò pé ó jẹ́. Mo ti kọ ọkùnrin kan sílẹ̀ bí èèyàn mẹ́ta rí, odidi oṣù méjì ni mo sì fi wá ìyàwó ẹni tí kò sí. Ẹ ya ojú ìwé kan sọ́tọ̀ fún ẹnì kan, kí gbogbo orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀, kí ẹ sì kọ ẹni tó ń pè é bẹ́ẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ẹ tètè sọ ohun tó gbé yín wá. Ní Abẹ́òkúta, bí ọmọ ilé tó ti pẹ́ ní Èkó bá ṣàdédé yọ, tó ń bèèrè ẹni tó bí ẹni, ìyàwó mélòó ni bàbá ní, ta ni dáwódù, ilẹ̀ ni gbogbo èèyàn máa kọ́kọ́ rò pé ó bá wá. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti kó fọ́tò wọ yàrá lójú mi, tí wọ́n sì yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ kọ́kọ́ lọ kí olórí ẹbí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé fọ́tò àti ìtàn lẹ bá wá, pé ẹ ò ní gbé fọ́tò kankan jáde nínú ilé, ẹ̀dà rẹ̀ lẹ máa yà lójú wọn. Kí ẹ sì dúró lórí ọ̀rọ̀ yẹn, kódà bí wọ́n bá ní "máa mú un lọ".

Nígbà tí ẹ bá wá gbé fọ́tò sí wọn lọ́wọ́, ẹ má kàn bi wọ́n pé "ta nìyí". Ẹ bèèrè aṣọ, ẹ bèèrè ilé, ẹ bèèrè ohun tí wọ́n ń ṣe lọ́jọ́ náà. Mo gbé fọ́tò àwọn obìnrin méje tó wọ aṣọ kan náà fún Màmá Àgbà, wọ́n ní àwọn ò mọ ìkankan. Wọ́n gbé e sún mọ́ fèrèsé, wọ́n fi àtàǹpàkò pa ibi aṣọ náà lára bí ẹni tó fẹ́ mọ bó ṣe nípọn tó. Wọ́n ní "Aṣọ òkú Ìyá Alákàrà ni". Bí orúkọ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í jáde nìyẹn, mẹ́fà nínú méje, pẹ̀lú orúkọ ẹnì kẹjọ tí kò sí nínú fọ́tò, nítorí pé ó kọ̀, kò ra aṣọ ẹbí. Ẹ gba ohùn wọn sílẹ̀ sórí fóònù bí wọ́n bá gbà fún yín. Ìwé nìkan ò lè bá irú ẹnu bẹ́ẹ̀ sáré.

Ìgbésẹ̀ kejì: ibi tí fọ́tò ń sá pamọ́ sí

Ògiri pálọ̀ lẹ máa kọ́kọ́ wò, níbi tí wọ́n ti ń gbé e kọ́ sókè lábẹ́ àjà, tí wọ́n sì ń jẹ́ kó tẹ̀ síwájú díẹ̀ bí ẹni tó ń bojú wo àlejò. Lẹ́yìn náà, ẹ wo àpótí aṣọ, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, inú Bíbélì àti Kùránì ńlá, àti ẹ̀yìn fọ́tò mìíràn. Ti ẹ̀yìn fọ́tò yìí kì í ṣe àwàdà: nígbà tí wọ́n bá fẹ́ fi fọ́tò tuntun sínú fíréèmù, wọn kì í sábà yọ ti tẹ́lẹ̀, wọ́n á kàn gbé tuntun lé e lórí.

Ẹ jáde nínú agboolé náà. Obìnrin ni fọ́tò máa ń tẹ̀ lé. Ọmọbìnrin tó ń lọ ilé ọkọ ló ń kó ti ìyá rẹ̀ dání, nítorí náà fọ́tò ìyá tó bí bàbá yín lè wà ní Ṣágámù tàbí ní Ìlaròó, nínú ilé tí ẹnikẹ́ni ò ti jẹ́ orúkọ yín.

Ohun kan wà tí àwọn ọ̀dọ́ máa ń kó dànù nígbà tí wọ́n bá ń kun ilé, òun sì ni mo fẹ́ràn jù: kàlẹ́ńdà olójú kan tí àwọn ẹgbẹ́ máa ń tẹ̀ lọ́dọọdún. Ẹgbẹ́ akọrin, ẹgbẹ́ àsàlátù, ẹgbẹ́ ọlọ́jà, ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, kò sí èyí tí kì í ṣe é. Wọ́n á to orí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ lọ́wọ̀ọ̀wọ́, orúkọ àti ipò olúkúlùkù á wà lábẹ́ orí rẹ̀, ọdún á wà lókè gàgàrà. Bí ẹ bá rí ojú kan níbẹ̀ tó jọ ti inú fọ́tò yín tí kò lórúkọ, iṣẹ́ oṣù mẹ́ta ti tán nìyẹn. Ìwé ètò ìsìnkú náà wúlò, ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún ọjọ́ orí tó wà nínú rẹ̀. Àwọn bàbá wa kan wà tí wọ́n fi ọdún mẹ́wàá dàgbà sí i lọ́sẹ̀ tí wọ́n kú.

Ẹ wá òǹtẹ̀ oníyàwòrán lẹ́yìn fọ́tò, kí ẹ lọ sí àdúgbò tí wọ́n kọ síbẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù náà lè ti di ibi tí wọ́n ti ń tún fóònù ṣe, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ oníyàwòrán lè ṣì ní nẹ́gátíífù (fíìmù tí wọ́n ti ń tẹ fọ́tò) nínú páálí. Bí ẹ bá rí i, ẹ wo etí rẹ̀ bóyá wọ́n kọ SAFETY sí i. Èyí tí kò ní àkọlé yẹn, tó sì ti wà kí àwọn ọdún 1950 tó dé, lè jẹ́ irú tó ń tètè gbiná bí ẹ̀tù. Ẹ má tan àbẹ́là tàbí ìṣáná nítòsí rẹ̀, ẹ má sì tọ́jú rẹ̀ sínú ooru. Èyí tó bá ń rùn bí nǹkan kíkan ti ń bàjẹ́ nìyẹn, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ rọra, ẹ má ṣe bíi tèmi

Fọ́tò bàbá bàbá mi kan ṣoṣo tó wà nílé wa, inú fíréèmù onígíláàsì ló wà. Òjò ti pa á lọ́dún tí páànù ilé jò. Mo rí i pé ó ti lẹ̀ mọ́ gíláàsì, mo sì gbọ́n lójú ara mi: mo ki èékánná bọ etí rẹ̀, mo fà á. Ìwé bá mi wá, ojú ò wá. Imú, ètè àti ìdajì fìlà bàbá dúró sára gíláàsì, agbádá tí kò lórí ló kù lọ́wọ́ mi. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin wà níbẹ̀. Wọn ò bú mi, wọ́n kàn bi mí pé "Ṣé o ti ṣe é tán?" Èébú ìbá sàn.

Nígbà tó yá ni mo tó mọ ohun tó fà á. Àwòrán kò sí nínú ìwé fọ́tò gan-an, inú jẹ́látìn tí wọ́n fi bo ojú ìwé náà ló wà. Bí omi bá kàn án, jẹ́látìn á rọ̀ bí ẹ̀kọ, bó bá sì gbẹ padà, ohun tó bá fara tì ló máa lẹ̀ mọ́. Fọ́tò tó bá ti lẹ̀ mọ́ gíláàsì, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, òun àti gíláàsì rẹ̀, kí ẹ ya ẹ̀dà rẹ̀ láti iwájú.

Álíbọ́ọ̀mù onígọ́ọ̀mù, èyí tó ní náílọ́ọ̀nù tí wọ́n ń ṣí sókè, òun náà ń jẹ fọ́tò díẹ̀díẹ̀. Bí fọ́tò inú rẹ̀ kò bá gbà kí ẹ yọ òun wẹ́rẹ́, ẹ mú òwú tí wọ́n fi ń yọ ẹran láàárín eyín, kí ẹ fi rẹ́ abẹ́ rẹ̀ kọjá jẹ́ẹ́jẹ́ bí ẹni fi òwú gé ọṣẹ. Bí ìyẹn náà ò bá ṣiṣẹ́, ẹ ya odidi ojú ewé náà, kí ẹ fi fọ́tò sílẹ̀. Ẹ má ṣí sẹ́lótéèpù tó ti gbẹ mọ́ ọn. Ẹ má fi aṣọ tútù nù ún, ẹ má fi ìtọ́ nù ún pẹ̀lú, mo ti rí àwọn tó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ tó gbẹ ti tó fún eruku. Kí ọwọ́ yín mọ́ kó sì gbẹ, etí ni kí ẹ máa dì mú.

Bí ẹ bá lè yan ìgbà, ẹ ṣe é nígbà ọyẹ́. Ní oṣù kẹfà sí ìkẹwàá, ọ̀rinrin pọ̀ nínú afẹ́fẹ́, fọ́tò á máa lẹ̀ mọ́ra wọn. Ọyẹ́ náà ní tirẹ̀, ó máa ń jẹ́ kí fọ́tò ká kò. Ẹ má fi tipátipá tẹ́ ẹ, ó máa sán.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ ya ẹ̀dà

Ẹ kọ́kọ́ ya ojú ewé álíbọ́ọ̀mù lódidi kí ẹ tó yọ ohunkóhun níbẹ̀, nítorí pé bí wọ́n ṣe tò wọ́n náà ń sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá ní sikánà, ẹ ṣètò rẹ̀ sí 600 dpi (iye píksẹ́lì, ìyẹn àmì kéékèèké tó ń di àwòrán, nínú ínǹṣì kan) fún fọ́tò tó tó àtẹ́lẹwọ́, kí ẹ gbé e lọ sí 1200 fún fọ́tò pásípọ́ọ̀tù kékeré. Ní 600, fọ́tò oní-ínǹṣì 3 sí 4 á fún yín ní píksẹ́lì 1800 sí 2400, ìyẹn sì tó láti tẹ̀ ẹ́ ní ìlọ́po méjì kí ojú má fọ́. Ẹ lo àwọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ fọ́tò dúdú-àti-funfun, torí pé ẹ fẹ́ mọ̀ bóyá íńkì búlúù tàbí pupa ni wọ́n fi kọ nǹkan. Ẹ fi TIFF, irú fáìlì ńlá tí kì í dín àwòrán kù, pamọ́, kí ẹ fi JPEG, èyí tó fúyẹ́, ránṣẹ́. WhatsApp máa ń fún fọ́tò mọ́ra, nítorí náà bí ẹ bá fẹ́ fi ránṣẹ́ síbẹ̀, ẹ fi í ránṣẹ́ bíi dókúmẹ́ǹtì.

Fóònù lásán náà lè ṣe é. Ẹ gbé tábìlì sẹ́bàá fèrèsé ní àárọ̀, níbi tí oòrùn kò ti tàn sí i tààrà, ẹ pa fíláàṣì, kí fóònù dọ́gba pẹ̀lú fọ́tò, kó má fì sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ti inú gíláàsì ló máa ń dààmú èèyàn, torí ojú ara yín lẹ máa bá lórí ojú bàbá. Ohun tí mò ń ṣe ni pé mo ń ta adìrẹ aláró ńlá kan sẹ́yìn ara mi, èyí tí mo rà ní Ìtòkú, tó dúdú dáadáa, mo sì ń yọ kámẹ́rà nìkan jáde láàárín rẹ̀. Dídán gíláàsì á pòórá. Áàpù Google tó ń jẹ́ PhotoScan náà ń ṣe dáadáa: ó máa ń ya fọ́tò kan lọ́pọ̀ ìgbà, á wá pa wọ́n pọ̀ kí dídán lè kúrò.

Ẹ ya ẹ̀yìn pẹ̀lú. Gbogbo ẹni tí mo sọ fún ló ń dáhùn "bẹ́ẹ̀ ni", kò sí ẹni tó ń ṣe é.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ ka fọ́tò bí ẹni ń ka ìwé

Ẹ̀yìn rẹ̀ lẹ máa kọ́kọ́ kà. Bí òǹtẹ̀ oníyàwòrán bá sọ pé Abẹ́òkúta, Western Region tàbí W. Nigeria, ó ṣeé ṣe dáadáa kó jẹ́ pé wọ́n gbẹ́ òǹtẹ̀ náà kí oṣù karùn-ún 1967 tó parí. Bó bá jẹ́ Western State, àárín 1967 sí 1976 ni. Bó bá jẹ́ Ogun State, kò lè ṣáájú oṣù kejì 1976, nígbà tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ sílẹ̀. Òǹtẹ̀ máa ń pẹ́ lọ́wọ́ oníyàwòrán, nítorí náà ó lè lo ti àtijọ́ kọjá ìgbà rẹ̀, kò sáà lè lo èyí tí wọn ò tíì gbẹ́. Bí wọ́n bá kọ iye owó síbẹ̀ ní ṣílè, ó ti wà kí náírà tó dé ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní 1973. Ọ̀pọ̀ fọ́tò àtijọ́ ni wọ́n tẹ̀ sórí ìwé póòsìkáàdì, tí ìlà kan pín ẹ̀yìn rẹ̀ sí méjì, apá kan fún ọ̀rọ̀, apá kejì fún àdírẹ́sì. Ní 1902 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gba irú èyí láyè ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nítorí náà bí ẹnì kan bá ní póòsìkáàdì onílà bẹ́ẹ̀ ti wà láti 1890, ẹ rọra dá a lóhùn.

Ẹ wá ọkọ̀. Ọjọ́ kejì oṣù kẹrin 1972 ni Nàìjíríà kúrò ní wíwakọ̀ lápá òsì títì bọ́ sí apá ọ̀tún. Bí ṣíárìn bá wà lọ́wọ́ ọ̀tún ọkọ̀ tí bàbá fẹ̀yìn tì, ó ṣeé ṣe dáadáa kí fọ́tò náà ti wà ṣáájú ìgbà yẹn. Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ wo nọ́ńbà ọkọ̀ bóyá ó kà bó ṣe yẹ, torí pé oníyàwòrán lè yí nẹ́gátíífù sódì nígbà tó ń tẹ̀ ẹ́, ọwọ́ òsì á wá di ọ̀tún. Bí Gbọ̀ngán Centenary ní Aké bá wà lẹ́yìn wọn, fọ́tò náà kò ṣáájú 1930, ọdún tí Abẹ́òkúta pé ọgọ́rùn-ún ọdún.

Aṣọ ni mo fẹ́ràn jù, ọmọ ìlú aláró sáà ni wá. Bí ìyá bá ró adìrẹ Olóba, èyí tó ní àwòrán ọba àti ayaba òyìnbó láàárín, ẹ mọ̀ pé ayẹyẹ ọdún márùndínlọ́gbọ̀n tí King George V lò lórí oyè ló bí i, ní 1935. Fọ́tò náà kò lè dàgbà ju aṣọ lọ. Léèsì olójú wíwọ́ tó wá láti Austria, àwọn ọdún 1960 ló bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, àwọn ọdún 1970 ló sì gbòde kan. Aṣọ ń sọ ìgbà tí fọ́tò kò lè ṣáájú. Kò lè sọ ìgbà tí wọ́n yà á, torí ìyá lè wọ aṣọ kan fún ogún ọdún. Ní ti fọ́tò aláwọ̀ tó ti pọ́n tàn bí epo pupa, àwọn ọdún 1970 ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Àwọn nọ́ńbà pupa ọjọ́ tó máa ń wà ní igun fọ́tò àwọn ọdún 1980 àti 1990, ẹ má gbára lé e. Ọ̀pọ̀ oníkámẹ́rà ni kò ṣètò ọjọ́ rẹ̀ láti ìgbà tó ti rà á.

Ẹ má sì jẹ́ kí ilé ìyàwòrán tàn yín jẹ. Aago ọwọ́, rédíò, fóònù orí tábìlì, kódà agbádá, ti oníyàwòrán ni wọ́n lè jẹ́. A ní fọ́tò ọmọ ìyá bàbá mi kan tó gbé fóònù sétí, tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tó ń bá gómìnà sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá wo ilẹ̀ dáadáa, fóònù náà kò ní wáyà.

Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni ti àwọn ọmọ méjì kan nínú agolo Màmá Àgbà, tí wọ́n jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn nínú bùbá kan náà. Mo ti kọ "ìbejì, ọkùnrin méjì" sílẹ̀. Màmá Àgbà ní "Ẹnì kan ni". Mo rò pé ojú wọn ni. Wọ́n ní kí n tún un wò. Mo wá rí i pé ọ̀nà kan náà ni bùbá méjèèjì gbà ṣẹ́ po léjìká, ọ̀nà kan náà ni ọwọ́ méjèèjì gbà dì, òjìji sì wà ní apá kan náà lára àwọn méjèèjì, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan sì sọ̀ kalẹ̀ láàárín wọn. Èkejì ti kú. Oníyàwòrán ya èyí tó kù, ó sì tẹ àwòrán kan náà lẹ́ẹ̀mejì sórí ìwé kan kí ìbejì lè pé. Àwọn oníyàwòrán Yorùbá ṣe irú rẹ̀ gan-an nígbà kan; bó bá sì jẹ́ pé ọkùnrin kan obìnrin kan ni ìbejì náà, wọ́n á wọ aṣọ èkejì fún èyí tó kù. Nítorí náà, kí ẹ tó kọ ìbejì sínú ìwé ìran yín, ẹ wo òjìji. Ẹ sì bèèrè pẹ̀lú sùúrù, torí ọmọ tó kú ni ẹ̀ ń bèèrè lọ́wọ́ ẹni tó bí i tàbí ẹni tó gbé e.

Ìlà ojú náà ń ran ni lọ́wọ́, pàápàá lójú àwọn ìyá. Ìlà ilé bàbá rẹ̀ ni obìnrin ń gbé wá sílé ọkọ, nítorí náà bí ìyá àgbà yín bá kọ ìlà tí kò jọ ti àwọn ará ilé, ìyẹn lè tọ́ka ìlú tí wọ́n ti gbé e wá fún yín. Ẹ lo gíláàsì tó ń sọ nǹkan di ńlá. Oníyàwòrán máa ń fi pẹ́ńsùlù dán ojú oníbàárà rẹ̀ lórí nẹ́gátíífù, ìlà tí kò jinlẹ̀ sì lè bá a lọ.

Ní ti "Èmi àti ọ̀rẹ́ mi", ọwọ́ ìkọ̀wé ló tú u fó. Ẹ̀yìn Bíbélì ńlá kan nílé wa ni wọ́n ń kọ ọjọ́ ìbí àwọn ọmọ sí, ọwọ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló sì wà níbẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn máa ń fi ìrù gígùn sídìí lẹ́tà "r" bí ẹni tó ń ju ìwọ̀ sódò. Ìrù kan náà ló wà nínú "ọ̀rẹ́". Àbúrò bàbá mi ni, èyí tó ṣiṣẹ́ rélùwéè títí tó fi kú sí Jọ́ọ̀sì. Ọ̀rẹ́ yẹn ni mi ò tíì rí.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ jáde lọ wá èyí tí ẹbí ò ní

Ìwé ìsàmì, ìgbéyàwó àti ìsìnkú inú ṣọ́ọ̀ṣì á fún yín ní ọjọ́ àti orúkọ òbí. Ní 1846 ni àwọn míṣọ́nnárì CMS (Church Missionary Society, ẹgbẹ́ míṣọ́n ìjọ Áńgílíkà), Henry Townsend àti Àjàyí Crowther pẹ̀lú wọn, fìdí kalẹ̀ ní Abẹ́òkúta, nítorí náà àwọn ìjọ kan ní ìwé tó ti pẹ́. Ẹ kọ lẹ́tà sí àlùfáà kí ẹ tó lọ, ẹ má kàn yọ sí wọn lọ́jọ́ Ìsinmi. Ìwé àti lẹ́tà CMS tí wọ́n fi ránṣẹ́ sílé wà ní Cadbury Research Library, Yunifásítì Birmingham. Bó bá jẹ́ Sàró, àwọn tó padà wálé láti Sierra Leone, ni ìran yín, inú ìwé ṣọ́ọ̀ṣì lẹ ti máa kọ́kọ́ rí orúkọ òyìnbó tí wọ́n gbé bọ̀ láti Freetown.

Ilé Ìpamọ́ Ìwé ti Ìjọba Àpapọ̀ wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn, ó sì ní ẹ̀ka ní Abẹ́òkúta. Ìwé ló pọ̀ níbẹ̀, fọ́tò ò tó nǹkan, ṣùgbọ́n orúkọ bàbá yín nínú fáìlì owó orí tàbí ẹjọ́ ilẹ̀ lè sọ àdúgbò àti iṣẹ́ rẹ̀ fún yín. Bí ìyá yín àgbà bá wà lára àwọn obìnrin tó tẹ̀lé Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti dojú kọ owó orí ní 1947, títí Aláké Adémọ́lá Kejì fi kúrò lórí oyè ní 1949, ẹ lọ sí Kenneth Dike Library nínú yunifásítì kan náà, ibẹ̀ ni àwọn ìwé Ransome-Kuti wà.

Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn fọ́tò tí ìjọba òyìnbó kó jọ láti ilẹ̀ tí wọ́n ṣàkóso wà ní The National Archives ní Kew, nọ́ńbà rẹ̀ ni CO 1069, wọ́n sì ti gbé ti Áfíríkà sórí Flickr lọ́fẹ̀ẹ́. International Mission Photography Archive ní yunifásítì USC ní Amẹ́ríkà náà kó fọ́tò míṣọ́nnárì jọ. Ẹ kọ orúkọ ìlú wa lóríṣiríṣi bí ẹ bá ń wá a: Abeokuta, Abbeokuta, Egba, Ake. Àwọn òyìnbó ìgbà yẹn kò fẹnu kò lórí bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́.

Ìgbésẹ̀ keje: orúkọ, ìpamọ́, àti ìdápadà

Ẹ má fi bírò kọ nǹkan sẹ́yìn fọ́tò, yóò yọ síwájú. Pẹ́ńsùlù rírọ̀ ni, létí, lórí ibi tó le tó sì tẹ́jú. Lórí kọ̀ǹpútà, orúkọ tí mò ń fún fáìlì rí báyìí: 1967-76_Kemta_aso-oku-Iya-Alakara_iwaju. Èyí tó jẹ́ ẹ̀yìn á parí sí "eyin". Kí ẹ kọ ẹni tó sọ orúkọ fún yín àti ọjọ́ tó sọ ọ́. Bí àgbà méjì bá ta ko ara wọn, ẹ kọ méjèèjì, ẹ má ṣe adájọ́.

Fọ́tò fúnra rẹ̀ ń fẹ́ ibi tó tutù, tó gbẹ, tó ṣókùnkùn: kì í ṣe abẹ́ àjà, kì í ṣe ilẹ̀, kì í ṣe ara ògiri tí òjò ń lù. Ẹ fi ìwé funfun sáàárín wọn, ẹ má fi náílọ́ọ̀nù ọjà dì wọ́n. Àwọn àpò kékeré tó ń fa omi tí ẹ máa ń bá nínú páálí bàtà, ẹ kó wọn síbẹ̀. Ẹ má kó káńfọ̀ sí i, ẹ má fín oògùn aáyán sí i. Agolo bísíkíìtì kò burú tó bí wọ́n ṣe ń sọ, bí kò bá ti dípẹtà: òun ló gba tiwa lọ́wọ́ ikán.

Kí ẹ tó gbé ohunkóhun sórí Facebook, ẹ bèèrè. Fọ́tò òkú nínú pósí, fọ́tò ìyàwó tó ti kọ ọkọ, fọ́tò ọmọ tí wọ́n tọ́ nínú ilé tí kò mọ̀ pé wọn ò bí òun níbẹ̀: mo ní gbogbo wọn, wọn ò sì ní kúrò lórí kọ̀ǹpútà mi.

Ẹ wá tẹ ẹ̀dà, kí ẹ gbé e padà lọ fún ẹni tó fún yín lórúkọ. Mo tẹ mẹ́rin ní ńlá fún Màmá Àgbà, torí ojú wọn. Wọ́n gbé èyí tó jẹ́ ti obìnrin méje sún mọ́ fèrèsé, wọ́n wò ó títí, wọ́n fi ìka kan ẹni kẹta láti òsì, ẹni kan ṣoṣo tí wọn ò rántí orúkọ rẹ̀ níjọ́sí. Wọ́n ní "Mo ti mọ̀ ọ́n. Ó jẹ mí ní ṣílè márùn-ún." Mo mú pẹ́ńsùlù, mo kọ orúkọ náà sẹ́yìn rẹ̀, mo sì kọ ṣílè márùn-ún sí ẹ̀gbẹ́.